Kí Ìjàǹbá Kejì Má Baà Ṣẹlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Òṣìṣẹ́ Rélùwéè àti Ará Etí Irin ní Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin gáàdì, ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ wá láti Mọníyà àti Omi-Àdìó, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo sì pẹ́ sí jù níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n bá yín sọ ni bó ṣe yẹ kí òṣìṣẹ́ rélùwéè gbára dì de ìjàǹbá. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ibì kan ni mo fẹ́ dì mú nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo gbà pé ẹ̀mí tó pọ̀ jù ti ń lọ láìnídìí: ìjàǹbá kejì.

Ìjàǹbá àkọ́kọ́ kì í bi wá kó tó dé. Irin lè sán. Ọkọ̀ akẹ́rù lè kú sójú irin. Àgbàrá lè ti gbẹ́ abẹ́ irin lóru tí a sùn. Kó tó yé ẹnikẹ́ni, ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Èyí tó máa tẹ̀ lé e ni tiwa: ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ lórí irin kan náà, iná tó máa ràn dé yàrá ọkọ̀ kejì, èrò tó sọ̀ kalẹ̀ sórí irin kejì tí ọkọ̀ Èkó ń gbà bọ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí a bá fún òṣìṣẹ́, èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ wà lórí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1988, nítòsí Clapham Junction ní London, awakọ̀ kan rí i tí iná sígínà iwájú rẹ̀ ṣàdédé di pupa nígbà tó ti sún mọ́ ọn gan-an. Ó tẹ bírékì, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí tẹlifóònù etí irin láti fi tó àwọn tó ń darí sígínà létí, bí ìlànà ṣe wí. Ibi tó wà nìyẹn tí ọkọ̀ mìíràn fi kọlu ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ kẹta, tí kò gbé èrò, ń bọ̀ láti òdìkejì, ó tún rọ́ lu àwókù wọn. Ènìyàn 35 ló kú. Ọkọ̀ kẹrin ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Awakọ̀ rẹ̀ rí ohun tó wà níwájú, ó sì rí i dá dúró kó tó débẹ̀. Bí awakọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣe gbọ́ ìró ìjàǹbá náà, ìdí tẹlifóònù ló padà sí. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Àwọn èrò tirẹ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ó sì pe tẹlifóònù ná. Mo mọ̀ pé ìyẹn le. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an nìyẹn.

Ti Daegu ní South Korea ló máa ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2003, ọkùnrin kan dáná sun ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní téṣàn Jungangno. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn rí iná, wọ́n sì sá jáde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kejì wọ téṣàn kan náà láti òdìkejì. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ọ́fíìsì ti mọ̀ pé iná ń jó níbẹ̀. Wọ́n kàn ní kí awakọ̀ rọra wọlé ni. Iná mànàmáná kú, ọkọ̀ kò lè lọ mọ́. Awakọ̀ ní kí èrò fara balẹ̀ sórí ìjókòó. Ó ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, èéfín ń kún. Nígbà tó fi máa sá, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó mú un lọ, agbára tó ń ṣí ilẹ̀kùn sì kú. Ènìyàn 192 ni iná àti èéfín pa lọ́jọ́ náà, ti inú ọkọ̀ kejì ló pọ̀ jù.

Ẹ bá mi ro ti kọ́kọ́rọ́ yẹn wò. Mi ò gbà pé ìkà lọkùnrin náà. Ẹni tó bá ń wakọ̀, tó bá fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ló máa ń mú dání. Ọwọ́ ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kò sì bi orí léèrè. Nígbà tí jìnnìjìnnì bá mú ènìyàn, ohun tí ara ti ṣe láìmọye ìgbà ni ara máa tún ṣe. Ìwé tí a kà ní kíláàsì kì í yọjú nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá pé kí ẹ má fi ìdánwò orí ìwé ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Òṣìṣẹ́ tó gba máàkì tó pọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn pàjáwìrì, tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i rí nínú òkùnkùn, kò tíì kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kejì sún mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ló gbà. Ní Kánádà, mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2013, ọkọ̀ ẹrù tó fa táǹkì epo rọ̀bì 72 dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Nantes, lókè ìlú Lac-Mégantic. Awakọ̀ ti fa bírékì ọwọ́ méje, kò sì tó. Ó fi ẹ́ńjìnnì iwájú sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń di bírékì mú má baà tán, ó lọ sùn. Iná sọ lára ẹ́ńjìnnì náà. Àwọn panápaná dé, wọ́n pa iná, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì, bí iṣẹ́ tiwọn ṣe wí. Iléeṣẹ́ rélùwéè rán òṣìṣẹ́ kan wá wò ó, àmọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ojú irin ló mọ̀, kò mọ bí bírékì ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kálukú bá tirẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ ń jò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan òru lù, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ láìsí ẹnì kan nínú rẹ̀. Ó rìn ju kìlómítà 11 lọ, eré rẹ̀ sì dé nǹkan bíi kìlómítà 104 ní wákàtí kan, kó tó dà sáàárín ìlú. Ènìyàn 47 ló bá a lọ. Panápaná ṣe iṣẹ́ wọn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè wá bí wọ́n ṣe rán an. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ohun tí iṣẹ́ ẹnìkejì ń fọwọ́ kàn. Tí a bá ń dá òṣìṣẹ́ rélùwéè lẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀, tí a ń dá panápaná lẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀, tí wọn ò tíì jọ dúró nídìí ẹ́ńjìnnì kan náà rí kí dírẹ́bà fi ohun tí kò yẹ kí wọ́n pa hàn wọ́n, a kò tíì kọ́ nǹkan kan nínú Lac-Mégantic.

Ká wálé. Ìbàdàn kì í ṣe àlejò rélùwéè. Láti ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó wá bá wa, àgbà tó bá mọ Dùgbẹ̀ àtijọ́ kò nílò kí n sọ èyí fún un. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, tó gùn tó kìlómítà 157 láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta dé Mọníyà, yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ tó lè sá kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Bírékì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú báyìí kó tún lo kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó dúró. Awakọ̀ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ tó ṣubú níwájú, ó ti pẹ́ kó tó rí i. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó débẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó gbé òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ọkọ̀ ojú irin forí sọra ní PWD, Ṣógúnlé. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà kú. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Ìkẹjà nítòsí, wọ́n tètè gbé àwọn tó fara pa débẹ̀, àwọn aráàlú sì jáde wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ká ní inú igbó tó wà láàárín Abẹ́òkúta sí Omi-Àdìó ni, ta ni ì bá kọ́kọ́ débẹ̀? Ambúláǹsì kọ́. UCH wà ní Ìbàdàn, ó ń gba aláìsàn láti 1957, àwọn dókítà ibẹ̀ mọṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú igbó kò lè dúró de UCH. Ẹni tó kọ́kọ́ máa débẹ̀ ni ẹni tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: gáàdì, ẹni tó ń tajà nínú ọkọ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀, àti àgbẹ̀ tó wà lóko lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Kí wá ni wọn yóò ṣe? Kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì tó ń darí ọkọ̀, kí wọ́n sọ orúkọ téṣàn tí wọ́n wà láàárín rẹ̀, nọ́ńbà òpó kìlómítà tó sún mọ́ wọn jù, irin tí ọkọ̀ wà lórí rẹ̀, bóyá irin kejì mọ́ tàbí nǹkan wà lórí rẹ̀. Kí ẹni tó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì tún un sọ padà fún wọn kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ má sọ pé “a wà nítòsí àwọn igi ọ̀pẹ kan”. Gbogbo ọ̀nà náà ló ní ọ̀pẹ.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan sáré padà sẹ́yìn, kí ẹlòmíràn gba iwájú, láti dá ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ dúró. Àwọn àgbà rélùwéè tó wà níbí mọ èyí dunjú. Àsíá pupa ni lọ́sàn-án, iná pupa ni lóru. Àwo pẹlẹbẹ kékeré kan tún wà tó ní ẹ̀tù nínú, tí wọ́n ń dè mọ́ orí irin. Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá gùn ún, á dún bí ìbọn, awakọ̀ á sì mọ̀ pé kóun dúró. Nínú ìlànà rélùwéè àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni náà máa rìn tó kìlómítà méjì sẹ́yìn, á sì de mẹ́ta, èyí kan níwájú ìkejì. Kìlómítà méjì lórí òkúta ojú irin, nínú òjò, pẹ̀lú bàtà tó rí bákan! Mo ti rí i tí wọ́n ń kọ́ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú àwòrán lára ògiri. Ẹ mú wọn jáde, ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn ín, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó gbà wọ́n. Ìgbà náà ni yóò yé wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò kí wọ́n tó gbéra.

Nígbà yìí ni a wá yíjú sí àwọn tó fara pa. Ẹni tó ń pariwo jù kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù. Ẹni tó ń pariwo ń mí. Ẹ wá ẹni tó dákẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ní kí gbogbo ẹni tó bá lè rìn dìde bọ́ sí ibì kan tẹ́ ẹ bá fi hàn wọ́n, ní apá tí kò sí irin kejì. Àwọn wọ̀nyẹn lè dúró ná. Lára àwọn tó kù nílẹ̀, ẹni tó ń mí ju ìgbà ọgbọ̀n lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀, tàbí tí ẹ bá ní “fún mi lọ́wọ́ pọ̀” tí kò lè ṣe é, ìyẹn lẹ kọ́kọ́ máa tọ́jú. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ọn lára kí dókítà tó bá dé má tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá kiri. Ó máa ń nira fún ọmọ Yorùbá láti rékọjá àgbàlagbà tó ń kérora lọ bá ọ̀dọ́ tó dákẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó fi orí jì yín, kí ẹ máa lọ.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú láti ẹsẹ̀ tàbí apá lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì wà lára àwọn ikú tí a lè fọwọ́ dá dúró. Ẹ mú aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ẹ dè é yí ẹsẹ̀ ká lókè ojú ọgbẹ́, kó jìnnà sí ojú ọgbẹ́ tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó má bọ́ sórí orúnkún. Ẹ fi igi tàbí ṣíbí onírin sí ojú kókó rẹ̀, ẹ tún un so, ẹ wá máa yí i. Yóò dùn ún, yóò ké, yóò ní kẹ́ ẹ tú u. Ẹ máa yí i lọ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ẹ so igi náà mọ́lẹ̀ kó má yí padà, kí ẹ fi bírò kọ aago tí ẹ dè é síwájú orí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn kò dára, ó máa ń gé ara. Wáyà burú jù.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe fún awakọ̀ àti gáàdì nìkan. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ọkọ̀ mọ ilẹ̀kùn tó máa ń há ju ọ̀gá lọ. Ẹni tó ń tajà nínú ọkọ̀ mọ ìyá arúgbó tó wà níjokòó kẹta àti aboyún tó wà lẹ́yìn. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ìdánrawò. Ní etíkun Wakayama ní Japan, níbi tí omi òkun lè ya wọ ilẹ̀ lẹ́yìn ìmìtìtì, iléeṣẹ́ rélùwéè àti àwọn ọmọ iléèwé girama máa ń jọ ṣe ìdánrawò bí èrò ṣe máa tètè sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ gba orí òkè lọ. Àwọn ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ ni. Àwọn awakọ̀ Japan tún máa ń nawọ́ sí iná sígínà, tí wọ́n á fi ohùn òkè sọ ohun tí wọ́n rí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1994 fi hàn pé ìyẹn dín àṣìṣe kù ní nǹkan bí ìdá 85 nínú 100. Ẹlòmíràn lè máa rẹ́rìn-ín wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìsinmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ tó fi wáyà sígínà àtijọ́ sílẹ̀ láìgé ní Clapham, tí sígínà kò fi dá ọkọ̀ kejì dúró, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi sinmi nínú ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ̀kọ́ tí a fún ẹni tí oorun ń kùn, omi inú ajere ni.

Ti àwọn ará etí irin wá kù. Ní Clapham, àwọn ọmọ iléèwé Emanuel àti tíṣà wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Ní Balasore ní Íńdíà, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ọdún 2023, níbi tí ọkọ̀ mẹ́ta ti kọlu ara wọn tí ènìyàn tó ju 290 sì kú, àwọn ará abúlé ló kọ́kọ́ ń fa èrò jáde nínú àwókù. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí níbí. Tí a ò bá kọ́ wọn, wọ́n á ṣì wá, torí ọmọ Yorùbá kì í gbọ́ igbe kó jókòó. Wọ́n á kàn wá bọ́ sórí irin tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀ ni. Nígbà tí ìbúgbàù Bódìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ta ni ìró rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ìlú yìí? Ẹsẹ̀ wa kì í pẹ́ níbi ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹsẹ̀ ọ̀hún ní ibi tó yẹ kó dúró.

Àwọn náà ló sì máa ń kọ́kọ́ rí ohun tí òjò ṣe. Ìlú tó rí Omíyalé ní 1980, tó tún rí ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò nílò oníwàásù lórí àgbàrá. Àgbẹ̀ tó jí lọ sóko tó rí i pé ilẹ̀ abẹ́ irin ti wọ́ lọ, ta ni yóò pè? 112 jẹ́ nọ́ńbà pàjáwìrì, àmọ́ ó yẹ kí nọ́ńbà téṣàn tó sún mọ́ ọn jù wà lára ògiri ilé baálẹ̀, kí nọ́ńbà baálẹ̀ náà sì wà nínú yàrá awakọ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Àwọn kan yóò bi mí nípa àwọn ẹni ibi. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, tí wọ́n ri bọ́ǹbù sójú irin, tí wọ́n pa ó kéré tán ènìyàn mẹ́jọ, tí wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ gbé, ẹ ò lè ní kí òṣìṣẹ́ máa sọ fún èrò nígbà gbogbo pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí iná bá ti ń jó, kí èrò jáde kíákíá. Níbi tí ìbọn bá ti ń dún níta, kí wọ́n dùbúlẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ló máa yan èyí tó tọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdánrawò nìkan ló sì lè fún un ní ìgboyà rẹ̀. Ohun mìíràn tó dùn wá lọ́jọ́ náà ni àríyànjiyàn lórí iye èrò tó wà nínú ọkọ̀. Orúkọ àti nọ́ńbà ìbátan èrò kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà ní téṣàn kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ kí ènìyàn wọlé láìní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò sí lórí ìwé ni ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìdánrawò kan wáyé lọ́dọọdún láàárín Omi-Àdìó àti Mọníyà, lóru, pẹ̀lú ọkọ̀ gidi, kí panápaná, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, UCH àti àwọn ará abúlé wà níbẹ̀. Kí wọ́n má sọ ọjọ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tí ọ̀já, ìbọ̀wọ́, iná pupa àti bírò wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa ṣí i wò lóṣooṣù.

Ọ̀já àti igi wà lórí tábìlì yìí. Ẹ̀yin ará Omi-Àdìó, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ẹ máa bọ̀ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan jókòó kí èkejì máa dè é lẹ́sẹ̀. Màá máa ka ìṣẹ́jú.